Ẹni Tó Kí Ilé Tí Ilé Kò Dáhùn

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé o, Màámi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ṣàgámù níbí. Ìyá Àgbà, ẹ kú ojú lọ́nà o. Òróró tí ẹ ní kí n wá fún ẹsẹ̀ yín, mo ti rí i rà, ó wà nínú báàgì mi. Bàbá Kékeré, ẹ kú iṣẹ́ oko. Mo gbọ́ pé iṣu yín ta dáadáa lọ́dún yìí, mo bá yín yọ̀. Gbogbo ará ilé pátá, títí kan ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ní ojúlé kejì, mo kí yín.

Ẹ ó máa wò ó pé kí ló mú Fọlákẹ́ gbé ọ̀rọ̀ ilé wá sínú ìwé ìròyìn ìjọ. Bàbá, ẹ̀yin lẹ fà á. Bí mo bá pè yín lórí fóònù, ẹ ó dáhùn, ẹ ó bi mí léèrè òjò, ẹ ó bi mí léèrè obì. Kí n ṣáà ti dárúkọ Gbádébọ̀ àbúrò mi, ẹ ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dára. Nẹ́tíwọ̀kì Ọ̀tan dára ju ti Ṣàgámù lọ, gbogbo wa la mọ̀. Mo fi lẹ́tà rán awakọ̀ sí yín, Màámi ní abẹ́ ìrọ̀rí lẹ fi í sí, ẹ ò já a. Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn yìí, láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé ẹ máa ń kà á láti èèpo dé èèpo, títí kan ìpolówó ẹni tó ń ta àga ṣọ́ọ̀ṣì. Torí náà, ibí ni mo wá bá yín. Bí ojú bá tì yín, ẹ foríjì mí. Ojú ti èmi náà.

Iṣẹ́ ń lọ. Ọ̀dọ̀ Alhaja tó ń ta obì ni mo ṣì wà. A ó rẹ obì sínú omi kí awọ funfun ara rẹ̀ lè rọ̀, a ó bó o, a ó fọ̀ ọ́, a ó tẹ́ ewé sínú apẹ̀rẹ̀, a ó kó o sí i, a ó dì í. Iṣẹ́ ò tíì tán o. A ó máa tú u wò lóòrèkóòrè, a ó máa ṣa èyí tí kòkòrò ti wọ̀ kúrò, kó má baà ba ìyókù jẹ́. Alhaja lè fi obì pamọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù kí ọjà tó gbé e. Ó máa ń sọ pé ẹni tí kò bá lè dúró, kó má ta obì. Ẹni tó bá sì ń dúró tí kò tú apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wò, òfìfo ló ń dúró dè. Omi ti jẹ ìka ọwọ́ mi, ṣùgbọ́n mi ò ráhùn. Ó ń fún mi lówó mi lásìkò, mo sì ń rí jẹ.

Òjò ìhín kì í ṣe òjò Ọ̀tan. Tiyín a máa rọ̀ kó sì dá, kí òkè tún hàn. Tiwa níbí, bó bá ṣú láàárọ̀, ó lè di ọjọ́rọ̀ kó tó gbọ́ ẹ̀bẹ̀, bó bá sì wá ń lu páànù, ẹni tó jókòó tì ọ́ ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ lo máa rí, o ò ní gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òjò yìí sọ́kàn.

Ẹ ò lè gbàgbé Àjíǹde tí Gbádébọ̀ wá sílé kẹ́yìn. Lẹ́yìn àdúrà ìdílé ló dìde, ó ní ẹrù kan ń wúwo lọ́kàn òun. Ó ní Ìgbàsókè lè ṣẹlẹ̀ kí a tó jẹun tán, pé àwọn tó ti múra yóò pòórá, aṣọ wọn nìkan ni yóò kù nílẹ̀, ìpọ́njú ńlá yóò sì bẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó bá ṣẹ́kù. Ó ní ohun tí kò jẹ́ kí òun sùn ni pé gbogbo wa tí a jókòó síbẹ̀ la ó ṣẹ́kù, títí kan ẹ̀yin tí ẹ ti ń ka ẹ̀kọ́ níwájú ìjọ kí wọ́n tó bí i. Omi wà lójú rẹ̀, Bàbá. Kò wá bú yín, ẹ̀rù yín ló ń bà á. Ẹ dá a lóhùn pé lóòótọ́ ni Olúwa ń bọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan ni yóò wá, ní gbangba, òkú yóò jí, ìdájọ́ yóò sì bẹ̀rẹ̀. Pé Ọlọ́run kì í ṣe gbọ́mọgbọ́mọ tí yóò máa jí èèyàn gbé níkọ̀kọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Gbádébọ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ní irú ọ̀rọ̀ báyìí ló ń mú ìjọ sùn. Ìgbà yẹn lẹ dìde, tí ẹ na ọwọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

“Ilé tí o ní yóò ṣẹ́kù yìí, má tún wá kí i mọ́.”

Ó lọ, kò sì tún kí i. Nígbà tó ń gbéyàwó ní Ìkẹ́nnẹ́, Màámi nìkan ló wá, wọ́n ní òtútù mú yín. Àga yín wà níwájú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sẹ́ni tó jókòó lé e.

Ẹ ò mọ Yétúndé ìyàwó rẹ̀, Bàbá. Èyí ń dùn mí. Aránṣọ ni, ó ga, ó dúdú, ó sì máa ń yára sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ọkọ̀ ń dúró dè. Yàrá méjì ni wọ́n gbà ní Ṣàgámù níbí, nínú àgbàlá kan tí kò jìnnà sí ibi tí ọ̀nà Bíní ti ya lára ọ̀nà Ìbàdàn. Gbádébọ̀ ń wa bọ́ọ̀sì kékeré láti Ìkẹ́nnẹ́ sí Ṣàgámù. Bó bá ti ń wọlé, á ní ẹ kú ilé o, bí ẹ ṣe kọ́ wa. Kó tó pè é tán ni Yétúndé á ti dáhùn, ì báà wà nídìí ẹ̀rọ, ì báà wà nílé ìdáná, ì báà jẹ́ pé ọṣẹ wà lójú rẹ̀ ní balùwẹ̀. Á ní ẹ káàbọ̀ o, olówó orí mi, kí lẹ rà bọ̀? Èmi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé etí rẹ̀ ti wà lójú títì kí ọkọ rẹ̀ tó dé.

Ìjọ kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ wọn pé ìṣẹ́jú tó ń bọ̀ yìí náà lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn. Lọ́dọọdún ni wọ́n máa ń ṣe eré Ìgbàsókè. Wọ́n á tẹ́ bùbá àti ìró sórí àga, wọ́n á to bàtà sábẹ́ rẹ̀, bíi pé ẹni tó wọ̀ wọ́n ti fò lọ. Gbádébọ̀ ni wọ́n máa ń fún ní iṣẹ́ aṣọ títẹ́ yẹn, torí ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn èèyàn á máa sunkún kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Mo bá wọn lọ wò ó lẹ́ẹ̀kan. Ara mi bù máṣọ, mi ò ní parọ́.

Ẹni tó ń gbé ojúlé kejì sí wọn ni Bàbá Ìbejì, bíríkìlà, ará Ọ̀yọ́. Onígbàgbọ́ ni tòun náà, ṣùgbọ́n ìjọ tiwọn ní kò sẹ́ni tí yóò fò lọ síbì kan kí ìpọ́njú tó dé, gbogbo wa la jọ máa là á kọjá. Ó ti rọ gaàrí kún dúrọ́ọ̀mù kan, ó sì ti búra pé òun ò ní gba nọ́ńbà ìjọba kankan, kó má baà jẹ́ pé àmì ẹranko náà nìyẹn. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń fọ ọkọ̀, òun àti Gbádébọ̀ á máa jiyàn. Gbádébọ̀ á ní ìhìn rere wo ló wà nínú kí Olúwa fi ìjọ tó jẹ́ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹranko? Bàbá Ìbejì á ní ẹni tó ti múra ebi sílẹ̀, ebi kì í pa á. Yétúndé á yọjú láti ojú fèrèsé, á ní ẹnu àríyànjiyàn ni Olúwa máa bá ẹ̀yin méjèèjì. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Alhaja, ó ní àwọn Mùsùlùmí náà ń retí Ànábì Ísà, kó ṣáà bá òun nídìí apẹ̀rẹ̀ ni. A rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rín tí mo rántí kẹ́yìn nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Yétúndé lóyún, oyún náà sì ti tó í bí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, bàtà ò wọ̀ ọ́ mọ́, orí ń fọ́ ọ. Wọ́n ní kó máa sinmi, ó ní òun máa rán aṣọ oníbàárà kan tán ná.

Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀sán, òjò ṣú. Gbádébọ̀ fi iṣẹ́ sílẹ̀ torí ojú ọ̀nà ò hàn mọ́. Bó ṣe wọ àgbàlá, ó ní ẹ kú ilé o. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó tún un pè. Ó wọlé. Aṣọ wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ, kò tíì rán an tán. Ẹ̀wà ti ń jóná lórí sítóòfù. Bùbá àti ìró Yétúndé wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ wọn sílẹ̀ dáadáa, sálúbàtà rẹ̀ méjèèjì wà nísàlẹ̀, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé èkejì. Gbádébọ̀ sáré síta, ó kan ilẹ̀kùn Bàbá Ìbejì, kò sẹ́nìkan. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ti lọ síbi ìsìnkú kan ní Ibido. Ó kan ti àwọn arábìnrin ìjọ wọn tó ń gbé lápá kejì àgbàlá, kò sẹ́nìkan. Ìpàdé ni wọ́n lọ. Ó pe pásítọ̀ rẹ̀, wọ́n ti pa fóònù. Ó pe èmi. Inú omi obì ni ọwọ́ mi wà, òjò ń lu páànù ilé Alhaja, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ká ní mo gbé e ni, ìyẹn gan-an ni ì bá jẹ́ kó dá òun lójú pé Ìgbàsókè ti ṣẹlẹ̀, torí òun mọ̀ pé èmi ò ní bá wọn lọ.

Ẹ kọ́ wa, Bàbá, nígbà tí a ṣì kéré. Ẹ ní ilé tí a bá kí tí kò bá dáhùn, kí a má dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí a gba ẹ̀yìn yí i ká, kí a wò ó bóyá ẹnìkan ṣubú sí kànga tàbí pé ara arúgbó kan ò yá. Bí a ṣe rí Ìyá Alákàrà àdúgbò wa nígbà tó ṣubú nìyẹn. Gbádébọ̀ mọ ẹ̀kọ́ yìí dáadáa. Àmọ́ ẹ̀kọ́ kejì ti wà lórí rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ dé ọkàn rẹ̀. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń tẹ́ sórí àga lọ́dọọdún ni ó rí lórí bẹ́ẹ̀dì ara rẹ̀. Ó gbé ìró ìyàwó rẹ̀ bojú, ó dojú bolẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run pé kó jọ̀ọ́, kó tún ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀.

Ibẹ̀ ni mo bá a. Mo ti rí i pé ó pè mí léraléra, mo gba inú òjò wá. Mo ní ẹ kú ilé o. Ó gbójú sókè wò mí, ojú rẹ̀ pọ́n bí ojú ẹyẹ.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà kù?”

Mo béèrè Yétúndé, ó ní ó ti lọ. Mo ní lọ síbo? Ó na ọwọ́ sí àjà. Bàbá, ẹ̀kọ́ yín ló gbé mi lẹ́sẹ̀. Mo wo ìdí ilẹ̀kùn, mi ò rí garawa ìwẹ̀. Mo wo orí ìṣó, mi ò rí táwẹ̀ẹ̀lì, mi ò rí kànìnkànìn. Ẹni tó ń lọ bá Olúwa lójú sánmà kì í gbé garawa. Mo gba ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ni Yétúndé wà, táwẹ̀ẹ̀lì ṣì wà ní ìdí rẹ̀, ó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, omi òjò ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ṣì ń mí.

Bọ́ọ̀sì Gbádébọ̀ la fi gbé e. Òun ló wà á, mi ò mọ bó ṣe wà á. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ru, gìrì ló gbé e ṣánlẹ̀, ó sì bi wá pé ìgbà wo ló ṣubú. Ó ní ká ní a tètè gbé e dé ni, kò sì parí ọ̀rọ̀ náà. Ilẹ̀ ò tíì ṣú tán tí wọ́n fi pè wá wọlé. Ìyá kú, ọmọ inú rẹ̀ náà kú. Ọmọkùnrin ni.

Nígbà ìsìnkú, oníkálukú ló mú ìgbà ìkẹyìn tirẹ̀ wá. Àwọn ìjọ wọn ní ó sùn ni, pé ìpè máa tó dún, òun ni yóò kọ́kọ́ dìde, kí Gbádébọ̀ má sunkún. Bàbá Ìbejì ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpọ́njú náà nìyí. Àlùfáà ìjọ tiwa nínú ìlú wá, ó ka ìwé lórí rẹ̀ bí ẹ̀yin ṣe máa kà á. Ìyá Yétúndé tó wá láti Ìkẹ́nnẹ́ kò dá sí ìkankan nínú rẹ̀. Ó kàn ń wo ojú Gbádébọ̀. Nígbà tó yá, ó bi mí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, “Ṣé kò wá a ni?”

Ọjọ́ kejì ni mo pè yín. Ẹ rántí. Gbádébọ̀ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mo ṣí ohùn fóònù síta kí ó lè gbóhùn yín, torí mo mọ̀ pé ohùn yín ló ń wá. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún yín pẹ̀lú ẹkún. Ẹ wá ní, “Mo ti wí.” Ẹ sì gé e.

Bàbá, ó gbọ́ ọ. Ó dìde, ó lọ jókòó sínú bọ́ọ̀sì rẹ̀, kò tan iná ọkọ̀, kò lọ síbì kan.

Mo mọ̀ pé inú yín bàjẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ìgbà mìíràn ẹnu a máa yá ju ọkàn lọ. Màámi ní ẹ ò jẹun lọ́jọ́ yẹn, wọ́n ní wọ́n bá yín níwájú àpótí tí ẹ kó aṣọ funfun yín sí, èyí tí ẹ ní ẹ ó fi jí lọ́jọ́ Àjíǹde. Ṣùgbọ́n Gbádébọ̀ ò rí yín níwájú àpótí. “Mo ti wí” ló gbọ́.

Láti ìgbà náà, kò wa ọkọ̀ mọ́. Kò lọ sí ìjọ wọn mọ́, kò sì lọ sí tiwa. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà, kì í kí ilé. Á dúró síbẹ̀ ni, títí a ó fi rí i. Ó rù débi pé ṣòkòtò ò dúró ní ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé ṣé ẹni tó bá ṣẹ́kù ò lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ lé àwọn tó ti lọ. Mo gbá a létí, mo sì dì í mú, àwa méjèèjì jọ sunkún. Mo ti kó lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí. Bàbá Ìbejì ń jókòó tì í bí mo bá wà níbi iṣẹ́, kò sì tún bá a jiyàn kankan. Gaàrí inú dúrọ́ọ̀mù ìpọ́njú yẹn ni ìyàwó rẹ̀ ń bù fún wa. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Méjì ti lọ, mi ò fẹ́ kí ó di mẹ́ta.

Mo sọ fún un pé ká lọ sílé. Ó ní òun fẹ́, ó ń wù òun láti rí òkè Ọ̀tan, láti sùn sí yàrá tí òun ti ń sùn nígbà tí òun kéré. Ó wá ní, “Bí mo bá kí Bàbá, wọn ò ní dáhùn. Mi ò lè kí ilé mìíràn tí kò ní dáhùn.”

Ó lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jàre nípa bí Olúwa ṣe máa wá. Èmi rò pé ẹ jàre, mo wà nínú ìjọ yín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ fi àre yẹn ṣe báyìí? Ẹ ti borí. Ẹni tí ẹ borí ti wà nílẹ̀, ọmọ yín ni. Ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní òwe yẹn. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ó yẹ kí òsì ti wà nítòsí láti fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì yín ti pẹ́ jù lẹ́yìn yín, Bàbá.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí fún wa. Kí ó fún Màámi ní oorun, kí ó wo ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà sàn, kí oko Bàbá Kékeré má di igbó. Kí ó má jẹ́ kí a tún fi ẹkún pe ara wa. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin, ẹ bá mi kí Ìyá Ìjọ, ẹ bá mi kí gbogbo ẹni tó bá béèrè mi, àti ẹni tí kò béèrè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó bá tẹ̀ lé ọjọ́ tí ìwé yìí bá dé ọwọ́ yín, a ó wá. Mi ò ní wọlé ṣáájú rẹ̀, mi ò sì ní bá a kí yín. Òun ni yóò dúró sí ẹnu ọ̀nà iwájú, òun ni yóò kí ilé. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ gan-an, ẹ jókòó sí tòsí. Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá mi, ẹ má jẹ́ kó pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Èmi ni ọmọ yín, Fọlákẹ́. Ọmọ yín sì ni ẹni tí mò ń mú bọ̀.